Ṣé Ẹ Lè Fún Mi ní Nọ́ńbà Kejì? Bí Ìbò Ṣe Ń Rìn ní Írẹ́láńdì

Ọdún kìíní tí mo dé Drogheda, ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn wa nírọ̀lẹ́. Òjò ti pa á, ó kó ìwé pélébé-pélébé dání, ó ní òun ń du ipò káńsẹ́lọ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, àlejò ni mí, mi ò ní páásípọ́ọ̀tù wọn. Ó ní ìbò káńsẹ́lọ̀ ò béèrè páásípọ́ọ̀tù, bí mo bá ti ń gbé ìlú náà, mo lè dì í. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń díje, òun ni màá dìbò fún. Nílé, ibẹ̀ ni ojú ì bá ti le. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Kò burú rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fún mi ní nọ́ńbà kejì?"

Mo ti ilẹ̀kùn tán, mo sọ fún ọkọ mi pé òtútù ti wọ ọkùnrin yẹn lágbárí. Ta ló ń tọrọ ipò kejì? Ṣé wọ́n máa ń pín ipò kejì nínú ìdìbò ni? Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Nọ́ńbà kejì tó ń tọrọ yẹn, àti ìkẹta, àti ìkẹrin, ni ọ̀pọ̀ káńsẹ́lọ̀ àti aṣòfin ìlú yìí fi ń dé orí àga.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yálà ẹ wà ní Blanchardstown tàbí Balbriggan tàbí ìlú kékeré kan tí bọ́ọ̀sì ń dé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí wọ́n tó wá kan ilẹ̀kùn tiyín.

Ta ló lè dìbò

Ọmọ orílẹ̀-èdè Írẹ́láńdì lè dìbò fún gbogbo ipò: Ààrẹ, Dáil tí í ṣe ilé aṣòfin wọn, ilé aṣòfin Yúróòpù, ìjọba ìbílẹ̀, àti ìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ tí wọ́n fi ń tún òfin ńlá ìlú ṣe. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lè dìbò fún Dáil àti ìjọba ìbílẹ̀. Ará orílẹ̀-èdè mìíràn nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ní ti Yúróòpù àti ti ìbílẹ̀. Gbogbo àwa yòókù, ẹni tó wá ṣiṣẹ́, ẹni tó wá kàwé, ẹni tó ń dúró de èsì ìbéèrè ààbò rẹ̀, ìbò ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni tiwa, bí a bá ti pé ọmọ ọdún 18 tí a sì fi ìlú yìí ṣe ibùgbé. A tún lè díje fún ipò káńsẹ́lọ̀ ọ̀hún fúnra wa. Ọ̀pọ̀ wa ti lo ọdún méje, mẹ́jọ níbí láì mọ èyí, wọ́n ń dúró de ìwé ọmọ onílùú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì fojú kéré káńsẹ́lọ̀. Ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ilé ìjọba tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tò dè wà, òun ló ń tọ́jú ilé ìkàwé, pápá tí ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, àti ọ̀nà tó gba iwájú ilé yín kọjá.

Orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé olùdìbò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, checktheregister.ie, ẹ máa nílò nọ́ńbà PPS (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fúnni), ọjọ́ ìbí àti Eircode (kóòdù àdírẹ́sì) ilé yín. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ ìdìbò, nítorí wọ́n máa ń ti ìwé náà pa ṣáájú. Ẹni tó bá kó kúrò nílé kan sí òmíràn, kó yí àdírẹ́sì padà. Ẹni tó bá sì ti búra fún ìwé ọmọ onílùú, kó padà lọ sọ fún wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́tà L tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, tó túmọ̀ sí ìbílẹ̀ nìkan, á ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yan Dáil. Mo mọ ẹni tí wọ́n dá padà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù tuntun lọ́wọ́.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2004, ìbò mẹ́ta pọ̀ mọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Írẹ́láńdì bóyá kí ọmọ tí àlejò bá bí síbí ṣì máa di ọmọ onílùú lójú ẹsẹ̀. Nǹkan bíi 79% ló fọwọ́ sí i pé kó má rí bẹ́ẹ̀ mọ́. A ò lè dìbò yẹn. Ṣùgbọ́n a lè di ti ìjọba ìbílẹ̀, nínú rẹ̀ ni Rotimi Adebari, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn tó wá tọrọ ààbò ní ọdún 2000, ti di káńsẹ́lọ̀ ní Portlaoise láì sí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni dókítà ọmọ Nàìjíríà kan, Taiwo Matthew, wọlé ní Ennis. Nígbà tó di 2007, àwọn káńsẹ́lọ̀ ẹlẹgbẹ́ Adebari fi í jẹ olórí ìlú, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ máyọ̀ ní Írẹ́láńdì. Ní 2019, Yemi Adenuga wọlé ní Meath, òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò káńsẹ́lọ̀.

Adebari, Adenuga. Ìwé ìdìbò níbí, lẹ́sẹẹsẹ A-B-D ni wọ́n fi ń to orúkọ ìdílé. Àwọn tó ń ṣèwádìí ti kíyè sí i láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lókè máa ń jẹ àǹfààní díẹ̀, torí àwọn olùdìbò kan á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, wọ́n á máa kọ nọ́ńbà bọ̀ wálẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tó sọ wá lórúkọ Adé ti bá wa ṣe ìpolongo sílẹ̀! Ẹ̀yin ìdílé Ọ̀ṣun àti Ọ̀jẹ́, ẹ máa fara dà á.

Ohun tí ẹ máa ṣe pẹ̀lú pẹ́ńsù

Kò sí títẹ̀ka. Wọ́n á fún yín ní ìwé, orúkọ gbogbo olùdíje á wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò àti àmì ẹgbẹ́, àpótí kékeré kan á wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa kọ 1 síwájú ẹni tí ẹ fẹ́ jù, 2 síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e, 3, 4, títí ó fi tó yín.

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn màmá wa ni pé, nígbà tí ẹ bá rán ọmọ lọ sọ́jà, kí lẹ máa ń sọ fún un? "Ra ẹja àrọ̀ wá. Bí o ò bá rí àrọ̀, ra pánla. Bí pánla ò bá sí, ra pọ̀nmọ́." Owó kan náà lẹ fi lé e lọ́wọ́. Kò ní ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sì ní ra pánla nígbà tí àrọ̀ bá wà nílẹ̀, kó ní tìtorí pé ẹ dárúkọ pánla. Ìwé ìdìbò yìí ni ọmọ tí ẹ rán níṣẹ́ yẹn. Ìbò kan ṣoṣo ni, àmọ́ ó mọ ibi tí yóò yà sí bí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ bá ti pa.

Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ gba ẹni tó bá ní, "Ẹ kọ 1 nìkan, bí ẹ bá kọ 2 ẹ ti ń ba ti ẹni wa jẹ́." Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í wo nọ́ńbà kejì yín àfi tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti wọlé tí ìbò rẹ̀ tún lé, tàbí tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje. Nígbà yẹn, ẹni àkọ́kọ́ ò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ 1 nìkan, tí ẹni rẹ̀ sì ṣubú, ìwé rẹ̀ á lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí àwọn yòókù bá ń pinnu ẹni tí yóò gba àga tó kù.

Èmi kì í dúró ní 3. Mo máa ń kọ ọ́ lọ sílẹ̀ títí yóò fi ku ẹni tí mi ò fẹ́ rí sójú, ẹni tí ìwé ìpolongo rẹ̀ ń sọ pé àwa la kó gbogbo ilé ìlú yìí tán. Mi ò ní kọ nọ́ńbà kankan síwájú tirẹ̀. Bó bá ṣẹ́ ku òun àti ẹnì kan péré lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń du àga ìkẹyìn, ìwé mi á wà lọ́dọ̀ ẹnì kan yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà 9 ni mo fún un.

Àṣìṣe tó ń ba ìwé jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹ má tẹ̀ka, ẹ má sì fa àmì X: nọ́ńbà ni wọ́n fẹ́. Ẹ má kọ 1 méjì. Ẹ má kọ orúkọ yín tàbí "Olúwa ṣeun" sí i, torí ohunkóhun tó bá lè fi ẹni tó ni ìwé hàn lè sọ ọ́ di òfo. Èyí tó ń mú àwọn onílùú fúnra wọn pàápàá: bí wọ́n bá fún yín ní ìwé méjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 lórí ìkejì. Àwọn kan á kọ 1, 2, 3 sórí ti Yúróòpù, wọ́n á wá kọ 4, 5, 6 sórí ti ìbílẹ̀. Màmá tí kò bá lè kàwé lè mú ẹnì kan dání tí yóò bá a kọ ọ́, tàbí kó ní kí òṣìṣẹ́ tó ń darí ibẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Àdúgbò ìdìbò kan kì í mú ẹnì kan ṣoṣo. Ti Dáil ń mú mẹ́ta sí márùn-ún, ti káńsẹ́lọ̀ lè tó méje. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ wá iye ìbò tó tó láti fi gba àga kan, kótà ni wọ́n ń pè é. Ká ní àga mẹ́rin ló wà, tí ìbò tó dára sì jẹ́ 10,000. Ẹ fi ẹyọ kan kún àga, ó di 5. Ẹ fi 5 pín 10,000, ó di 2,000. Ẹ wá fi ẹyọ kan lé e: 2,001. Ẹni mẹ́rin lè ní 2,001 nínú 10,000. Ẹni márùn-ún ò lè ní in, torí ìyẹn á di 10,005. Gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Bísí ní 2,601 nígbà ìkà àkọ́kọ́. Ó ti wọlé, 600 sì lé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àmù tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bá ti kún, omi tó ń bọ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣòfò sílẹ̀, ẹ máa gbé garawa sí i. Wọ́n á tú ìwé Bísí yẹ̀ wò, wọ́n á wo ẹni tí àwọn tó dìbò fún un kọ tẹ̀ lé e. Bí ìdajì wọn bá kọ Kọ́lá, 300 nínú 600 yẹn á lọ bá Kọ́lá. Bí kò bá sí ẹni tó lé kótà mọ́, wọ́n á padà sísàlẹ̀. Ẹni tó kéré jù, ká ní Sàláwù tó ní 310, wọ́n á yọ ọ́, gbogbo ìwé rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e bá tọ́ka sí. Bí ẹni yẹn náà bá ti wọlé tàbí tí wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n á fò ó, wọ́n á wo èyí tó kàn. Báyìí ni wọn yóò máa ṣe é, ìkà kejì, ìkà karùn-ún, ìkà kọkànlá, títí àga yóò fi tán. Nígbà míì, ẹni ìkẹyìn á wọlé láì dé kótà rárá, torí pé kò sí ẹlòmíràn tó kù tí wọ́n lè pín ìwé rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá, bíi Ààrẹ, ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ kótà á ju ìdajì lọ. Ẹ wo ọdún 1990. Nígbà ìkà àkọ́kọ́, Brian Lenihan ti ẹgbẹ́ Fianna Fáil ló ń síwájú pẹ̀lú 44.1%. Mary Robinson ní 38.9%, Austin Currie ti Fine Gael ní 17%. Nílé, ìlù ti ń dún ní ilé Lenihan nìyẹn. Níbí, wọ́n yọ Currie, wọ́n tú ìwé rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló ti kọ 2 síwájú Robinson. Òun ló di Ààrẹ obìnrin àkọ́kọ́ ní Írẹ́láńdì. Àwọn tó fẹ́ Lenihan pọ̀ ju tẹnikẹ́ni lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó yàn pé Robinson sàn ju Lenihan lọ ló pọ̀ jù nígbà tó ku àwọn méjèèjì.

Ẹ fi wé tiwa ní 2023, níbi tí ẹni tó di Ààrẹ Nàìjíríà ti ní nǹkan bíi 37% tí àwọn méjì tó tẹ̀ lé e sì pín èyí tó pọ̀ nínú ìyókù láàárín ara wọn. Mi ò sọ pé èsì ì bá yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí àwọn èèyàn ì bá kọ sí nọ́ńbà kejì, torí a ò bi wọ́n. Ohun tí mò ń wí ni pé níbí, wọ́n máa ń bi wọ́n.

Ìdí tí ọkùnrin inú òjò yẹn fi rẹ́rìn-ín sí mi nìyẹn. Ẹni tó bá bú alátìlẹ́yìn olùdíje mìíràn ti sọ nọ́ńbà kejì rẹ̀ nù. Ẹ máa rí i pé ìpolongo wọn tutù ju tiwa lọ. Ìjà tó le máa ń wà láàárín ẹni méjì tí ẹgbẹ́ kan náà fà kalẹ̀, torí inú àpò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹgbẹ́ á pín àdúgbò fún wọn, kí kálukú dúró sí tirẹ̀. Àṣìṣe nínú ìṣirò sì lè pa ẹgbẹ́ lára. Ní 2020, Sinn Féin ní 24.5% ìbò àkọ́kọ́, kò sẹ́gbẹ́ tó jù wọ́n lọ, àmọ́ olùdíje 42 péré ni wọ́n fà kalẹ̀. Mẹ́tàdínlógójì wọlé, ìbò tó lé lórí wọn sì ṣàn lọ gbé àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké mìíràn wọlé níbi tí Sinn Féin ì bá ti gba àga kejì.

Ètò ìdìbò yìí ní àléébù tirẹ̀. Aṣòfin tó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan lè gba àga mọ́ òun lọ́wọ́ kì í jókòó ka òfin. Kòtò ojú títì àti ìsìnkú àdúgbò ló máa ń sáré kiri. Síbẹ̀ àwọn onílùú fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, ní 1959 àti 1968, ni ìjọba Fianna Fáil ní kí wọ́n pa á tì, kí ẹni tó bá ṣáà ti pọ̀ jù máa wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n kọ̀. Ti 1959 yẹn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dìbò yan de Valera, olórí Fianna Fáil, sípò Ààrẹ: wọ́n gbé bàbá sórí àga, wọ́n sì dá ìwé rẹ̀ padà fún un.

Bí ẹ bá ní ẹbí níbòmíràn, ẹ má rò pé bákan náà ni. Wọ́n ń lo irú rẹ̀ fún káńsẹ́lọ̀ ní Scotland àti ní Àríwá Írẹ́láńdì, àmọ́ ìbò ilé aṣòfin Westminster kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Maine àti Alaska ń lò ó, ìlú New York náà ń fi yan ẹni tí ẹgbẹ́ yóò fà kalẹ̀ fún ipò máyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé òmìnira ibí lọ sọ fún àbúrò yín ní Houston. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú lọ́hùn-ún tó bá lọ dìbò Ààrẹ tàbí ti ilé aṣòfin àgbà ti dẹ́ṣẹ̀ sófin, ó lè pàdánù ìwé ìgbélùú rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ohun tó kù ni sùúrù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ka gbogbo ìwé yìí, ní gbọ̀ngàn ńlá kan. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á fara ti irin tí wọ́n fi pààlà, wọ́n á máa wo ìwé bí wọ́n ṣe ń ṣí i, wọ́n á máa fi pẹ́ńsù ṣe ìṣirò tiwọn, wọ́n sì máa ń mọ ibi tó ń lọ kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéde. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìdìbò nígbà kan, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 50 yúrò. Wọ́n dán an wò ní àdúgbò mẹ́ta nígbà ìbò Dáil ọdún 2002, ọkàn wọn ò balẹ̀, wọ́n wá tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n padà sí pẹ́ńsù.

Ní 2024, ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà la dìbò. Ìwé ti Yúróòpù tí wọ́n fún àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ní ìhà ibí, olùdíje 27 ló wà lórí rẹ̀, ó gùn bí ìró ọmọdé. Ní ọjọ́ Ajé, àbúrò mi pè mí láti Ìbàdàn.

"Àǹtí mi, ẹ kú ìdìbò. Ta ló wọlé?"

"Wọ́n ṣì ń kà á."

Ó dákẹ́. "Láti ọjọ́ Ẹtì? Ṣé wọ́n mú iná lọ níbẹ̀ ni?"

"Iná wà. Wọ́n ti kà á tán lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ń kà á ni."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́. Mo ní, "Ṣáà fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ń wá ibi tí nọ́ńbà kẹrin mi máa sọ̀ sí."